Àpá mẹ́ta tèmi, àpá kan ti àbúrò mi

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó fi pamọ́, kó padà wá kà á láàárọ̀.

Mo ní àpá mẹ́ta níkùn. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, inú ìdodo ló sì fara pamọ́ sí. Àbúrò mi ọkùnrin ní ẹyọ kan péré. Àmọ́ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìdodo, ó yà fún ìdodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ikùn, gbọọrọ, ó rí gbágungbàgun. Nǹkan kan náà ni wọ́n yọ lára àwa méjèèjì. Àpẹ́ńdíìsì.

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń pa á rẹ́. Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí mi ò ṣe dáadáa, ibẹ̀ ni mo sì máa ń fò kọjá nígbàkigbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún èèyàn. Lálẹ́ òní mi ò ní fò ó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi, torí ibẹ̀ ni ìgbéraga mi ti wá.

2022, Èkó. Òru ọjọ́ Ajé kan ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, ní àárín ìdodo gan-an, bí ìgbà tí èèyàn jẹ ẹ̀wà tí kò jinná. Mo lo oògùn, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìrora yẹn ti kó kúrò ní ìdodo, ó ti lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Oúnjẹ ń kọ̀ mí. Tí mo bá wúkọ́, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún mi níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wa ní HMO, torí náà mi ò tiẹ̀ ronú kan owó. Mo wọ mọ́tò, mo lọ. Dókítà tẹ ibẹ̀ wọ̀ọ̀, ó yọwọ́ lójijì, mo sì pariwo. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ṣe scan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mo ti wà lórí tábìlì ní tíátà.

Ihò mẹ́ta ni wọ́n dá sí mi lára. Àwọn òyìnbó fi wé ihò kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn, èmi á kàn máa pè é ní oníhò. Wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó lè wú, kí àyè lè wà níbẹ̀. Kámẹ́rà á gba ihò ìdodo wọlé, á máa gbé àwòrán inú èèyàn sójú tẹlifíṣọ̀n. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì á gba àwọn ihò yòókù. Wọ́n á so ìdí àpẹ́ńdíìsì, wọ́n á gé e, wọ́n á kó o sínú àpò kékeré kan, wọ́n á sì fà á jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo ti wà nílé. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ibi tó dùn mí jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe ikùn. Èjìká ni! Mo rò pé wọ́n jù mí sílẹ̀ lórí tábìlì ni. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní ìyókù gáàsì inú ikùn ló ń yọ iṣan ẹran tó pààlà àyà àti ikùn lẹ́nu, pé èjìká ló máa ń gbọ́ ìrora rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo fi fọ́tò ikùn mi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ bíi mẹ́rin tí ò béèrè.

Nígbà tí mo délé ní Kérésì, màmá wa fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, wọ́n wò mí lójú. "Ṣé èyí náà lẹ ń pè ní operéṣọ̀n?"

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Operéṣọ̀n tí wọ́n mọ̀ ní Ìkòyí-Ilé ní ìrísí tiẹ̀. Bàbá kan wà lágboolé wa tí wọ́n ti là níkùn kí wọ́n tó bí mi. Àpá náà wú bí okùn lábẹ́ awọ, nígbà tó sì yá ìfun bẹ̀rẹ̀ sí í ti jáde níbẹ̀ tí wọ́n bá wúkọ́ tàbí tí wọ́n bá gbé nǹkan tó wúwo. Wọn ò lè kọ ebè mọ́. Àwa ọmọdé máa ń lọ wo ikùn bàbá yẹn bí ẹni ń lọ wo eré. Nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì l'Ékòó, ojú ikùn bàbá yẹn ni mò ń rí, mo sì ń dúpẹ́ pé tèmi ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó di oṣù kẹfà 2024. Àbúrò mi wà nílé, ní Ìkòyí-Ilé. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríirè, Ògbómọ̀ṣọ́ la sì máa ń lọ tí nǹkan bá ti kọjá agbára ilé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà yẹn. Ó ń dá oko iṣu àti ẹ̀gẹ́, ó sì ń gun ọ̀kadà lọ́jọ́ tí kò bá lọ oko. Ó lágbára gan-an. Báàgì gààrí tí èèyàn méjì ń gbé, òun nìkan á kọ́ ọ lé èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí.

Ọjọ́rú ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ọ̀rọ̀ inú rírun, ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó mu àgbo jẹ̀dí ife ńlá kan. Inú ń yọ, ìrora ò lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, kẹ́mísì kan ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa omi méjì sí i lára, wọ́n fún un ní oògùn tó pa ìrora náà díẹ̀. Ó padà sílé, ó sùn. Kò sẹ́ni tó pè mí. Wọn ò fẹ́ kí n máa dààmú.

Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ lẹ́nu dókítà pé, kò sí ohun tó burú tó kéèyàn máa lo oògùn ìyàgbẹ́ nígbà tí àpẹ́ńdíìsì bá wú, torí ó ń ru ìfun sókè nígbà tó yẹ kó sinmi. Àti pé oògùn apọ́fọ̀n díẹ̀díẹ̀ láti kẹ́mísì lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀, kó má sì wò ó.

(Mo mọ̀ pé ẹnì kan á wá sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí pé oògùn nìkan náà lè wo àpẹ́ńdíìsì. Òótọ́ ni, nígbà míì. Wọ́n dán an wò ní Finland, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ CT yẹ̀ wò, tó dájú pé tiwọn kò tíì bẹ́, ni wọ́n fún lóògùn, ní ọsibítù, lábẹ́ ojú dókítà. Síbẹ̀, kí ọdún márùn-ún tó pé, nǹkan bí 39 nínú 100 wọn ló padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìyẹn yàtọ̀ sí omi méjì ní kẹ́mísì, jàre.)

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni màmá wa pè mí. Ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n ní ó ti ká gúnlẹ̀ bí ọmọ inú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ikùn òun. Mo ní, "Apá wo ló ń dùn ún?" Wọ́n ní apá ọ̀tún, nísàlẹ̀. Ara mi tutù. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kíá.

Aládùúgbò wa kan ló fi mọ́tò gbé wọn. Gbogbo ihò ojú ọ̀nà ni àbúrò mi mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní nígbà tí wọ́n bá já sínú kòtò, òun á di ẹnu òun kí màmá má bàa gbọ́.

Wọ́n dé ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, wọn ò sì ṣẹ̀ mí. Kí aago kan tó kọjá, dókítà ti mọ ohun tó jẹ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ màmá.

"Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbí? Àpẹ́ńdíìsì ni. Ó yẹ ká wọ tíátà lónìí, ká má jẹ́ kó pẹ́ rárá."

Mo ní, "Oníhò lẹ máa ṣe fún un, àbí lílà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní lílà ni.

Ibi tí mo máa ń fò nìyí.

Mo sọ fún un pé kí wọ́n dúró. Mo ní mo máa wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe oníhò, kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora ná, kí wọ́n má tíì là á. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó mọ nǹkan: mo ní èmi náà ti ṣe é rí, mo mọ ìyàtọ̀. Ó ṣàlàyé. Ó ní ìwọ̀n ọjọ́ tí ìrora náà ti lò ló ń bà òun lẹ́rù. Mo ní kó fún mi ní wákàtí kan péré.

Àbúrò mi kì í ṣe ọmọdé. Òun ló ni ikùn, òun ló yẹ kó fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe rí. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé wá fún un, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí Àǹtí bá sọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìbàdàn. Mo pe ọ̀rẹ́ tó mọ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì fún mi ní nọ́ńbà dókítà, dókítà wà ní tíátà. Mo pe ibòmíì, owó tí wọ́n pè ju ìlọ́po mẹ́ta ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé e wá kí àwọn tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe, pé ó lè bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ń ṣe ìṣirò: ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, owó ìdókòwò tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbà, ta ni mo lè yá. Áàpù báǹkì ń yí, kò sì já sí ibì kankan. Aago méjì lọ. Aago mẹ́rin lọ. Dókítà pè lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó ku díẹ̀.

Kí ló wà lọ́kàn mi? Mo ti bi ara mi léèrè tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Mo rò pé nǹkan dáadáa tí wọ́n ṣe fún mi ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun náà. Kí ló dé tí ọmọ ọ́fíìsì tó ń jókòó tẹ kọ̀ǹpútà á fi gba ihò mẹ́ta, tí ẹni tó ń kọ ebè á wá gba ọ̀bẹ gbọọrọ? Oṣù kẹfà ni, iṣẹ́ wà lóko. Ikùn bàbá agboolé wa yẹn ni mo tún ń rí. Gbogbo ìyẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbéraga náà wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣe operéṣọ̀n ará oko fún àbúrò mi.

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi fúnra rẹ̀ pè mí. Ohùn rẹ̀ ti dẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má dààmú ara yín mọ́. Ìrora yẹn ti lọ."

Ti lọ báwo?

"Ó kàn lọ ni. Bí ẹni pa iná."

Inú mi dùn! Ẹ gbọ́ mi? Inú mi dùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa, ó tún fún wa láyè. Mo pe dókítà láti ròyìn ayọ̀ fún un.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ó lọ díẹ̀díẹ̀ ni, àbí lẹ́ẹ̀kan náà?" Mo ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Madam, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè dúró mọ́. Ó ti bẹ́."

Tí àpẹ́ńdíìsì bá wú, ọyún á kún inú rẹ̀, á máa tì í, ìyẹn ló ń fa ìrora ńlá yẹn. Tó bá bẹ́, ìtìlẹ́yìn yẹn á túká, ara á fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọyún àti ohun tó wà nínú ìfun á máa tàn káàkiri inú ikùn, tí gbogbo ikùn á wá le bí pákó. Ìtura yẹn gan-an ni àmì ewu. Mi ò mọ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣe bí ọ̀mọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àpẹ́ńdíìsì, mi ò mọ èyí.

Àbúrò mi fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀. Kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù, wọ́n ti gbé e wọlé.

Mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ti là á láàárín ikùn, torí wọ́n ní láti fi omi iyọ̀ fọ gbogbo inú rẹ̀. Rọ́bà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí omi dúdú ń gbà jáde, òmíràn wà nímú rẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ. Màmá wa jókòó sórí ẹní lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kàn ń wò mí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ó sàn kí wọ́n ti bú mi.

Mo lọ bá dókítà. Ọkùnrin kékeré kan ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó dájú pé kò sùn. Mo bi í pé tó bá jẹ́ pé ní agogo kan ọ̀sán ni wọ́n ti wọ tíátà ńkọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gígé kékeré lápá ọ̀tún ni òun máa ṣe, bíi gígùn ìka kan, kó sì ti lọ sílé ní ọjọ́ kẹta. Ó tún ní ó ṣeé ṣe kó ti bẹ́ kí wọ́n tó gbéra ní Ìkòyí-Ilé pàápàá, torí ọjọ́ kejì ti kọjá. Pé láti nǹkan bíi wákàtí 36 lẹ́yìn tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ ni ewu bíbẹ́ ti máa ń pọ̀ sí i. "Kò sí ẹni tó lè bá yín dá ìyẹn mọ̀," ló wí. Mo mọ̀ pé ó ń ṣàánú mi ni. Ẹni tí ó ti bẹ́ nílé kì í tún sọ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pé ìrora òun lọ bí ẹni pa iná.

Mo tún bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀ mi: ṣé oníhò kò dára ju lílà lọ ni?

Ó ní ó dára. Ó ní tí wọ́n bá fún òun ní ẹ̀rọ náà lọ́la, òun á lò ó. Ṣùgbọ́n oníhò ń fẹ́ kí èèyàn sùn fọnfọn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá a mí, ó ń fẹ́ sílíńdà gáàsì, kámẹ́rà, iná tí kò ní ṣẹ́jú, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Lílà, tí kò bá tíì bẹ́, abẹ́rẹ́ eegun ẹ̀yìn lè tó o: aláìsàn á máa gbọ́ ohùn wọn, kò ní mọ ìrora. Ó ní, "Àpẹ́ńdíìsì ò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wá bá a. Àsìkò tí wọ́n dé ló mọ̀."

Mo padà lọ ka ohun tó wà nílẹ̀, torí ẹ̀bi ń kàwé. Ní 2018, àwọn Cochrane kó ìwádìí 85 jọ tó fi oníhò wé lílà. Fún àgbàlagbà, ẹni tí wọ́n ṣe oníhò fún ń fi nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú kúrò ní ọsibítù, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ṣáájú padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ojú egbò rẹ̀ kì í sábà gbọyún bíi ti ẹni tí wọ́n là. Ìrora ọjọ́ kìíní fi díẹ̀ dín kù, kò tó máàkì kan nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọyún tó ń kó jọ sínú ikùn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníhò.

Ọjọ́ kan ní ọsibítù. Ọjọ́ márùn-ún nílé. Ohun tí mo torí rẹ̀ ní kí wọ́n dúró nìyẹn.

Kì í ṣe pé mò ń bú oníhò o. Kurt Semm, dókítà àwọn obìnrin ní ìlú Kiel ní Jámánì, ló kọ́kọ́ fi ihò yọ àpẹ́ńdíìsì, ní 1980, àwọn oníṣẹ́ abẹ ìlú rẹ̀ sì bínú sí i gidi. Lónìí gbogbo ayé ń ṣe é. Kò tiẹ̀ jìnnà sí wa: àwọn dókítà Ilé-Ifẹ̀ ti kọ ìròyìn tiwọn jáde ní 2012. Mo fẹ́ kó dé Ògbómọ̀ṣọ́, kó dé Ṣakí, kó dé gbogbo ibi. Ẹni tí àkókò bá gbà fún, tí ẹ̀rọ wà níbẹ̀, tí owó wà, kó lọ ṣe é. Àpá mẹ́ta mi dùn ún wò.

Nígbà tí mò ń kàwé yẹn ni mo rí ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, Edward Keje. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 1902 ni wọ́n fẹ́ dé e ládé. Àpẹ́ńdíìsì mú un. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé adé lẹ́yìn, òun ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí ó tó gbà, wọ́n là á nínú ààfin, wọ́n fa ọyún jáde, wọn ò tiẹ̀ yọ àpẹ́ńdíìsì náà. Oṣù kẹjọ ló wá dé adé. Mo ka ìyẹn, mo ní kì í ṣe èmi nìkan. Lẹ́yìn náà mo rántí pé ọba ń fi ikùn ara rẹ̀ ṣe é. Ti ẹlòmíì ni mo fi ṣe.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni àbúrò mi lò ní ọsibítù. Ojú egbò rẹ̀ gbọyún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i fọ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ọmọ tó ń gbé báàgì gààrí, màmá wa ló ń dì í mú lọ ilé ìtọ̀. Owó tí a ná ní ìparí ju èyí tí Ìbàdàn kọ́kọ́ pè lọ. Wọ́n ní kó má gbé nǹkan tó wúwo fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló bá a ro oko iṣu, ti ẹ̀gẹ́ di igbó.

Gbogbo èèyàn tó wá kí i, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ọ̀nà ló jìn, pé kẹ́mísì fi àkókò ṣòfò, pé owó ò tètè jáde ní báǹkì. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mi ò kàn sọ wákàtí márùn-ún yẹn ni.

Kí n tó kọ èyí, mo lọ sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí kò dáa kó jẹ́ pé orí fóònù ẹlòmíì ló ti máa gbọ́ ọ. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ń pọ́n àdá. Àpá náà ń dán nínú oòrùn. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni ojúlówó ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, torí iwájú ni ẹ̀ṣọ́ ti ń gbọgbẹ́, kì í gbà á lẹ́yìn. Ó ní èmi tí mo gba ihò mẹ́ta, kòkòrò ló jẹ mí.

Mo jókòó sórí odó. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Pé wọ́n fẹ́ wọ tíátà láti aago kan. Pé èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tó pè mí.

Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ń pọ́n àdá lọ.

Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ ọ́n."

Mo ní mọ kí ni?

"Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni dókítà dúró sí tó fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbọ́."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o ò sọ̀rọ̀? Kí ló dé tí o ò ní kí wọ́n là ọ́?"

Ó fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu àdá wò, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ sanwó."

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo máa jẹ iyán, kó lọ wa iṣu.